Ọjọ́ Mẹ́ta Tí Èmi àti Bàbá Tolú Fi Wo Èkó

                                        Ojúlé Kẹtàdínlógún,
                                        Òpópónà Akínbọ́lá,
                                        Ìṣẹ̀rí-Olófin, Alímọ̀ṣọ́,
                                        Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                        13 Oṣù Kọkànlá, 2025.

Àtọ́kẹ́, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Ara ńkọ́? Orúnkún tó ń dùn ọ́ níjọ́sí ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kó o gun àtẹ̀gùn? Fàdìlàt ìyàwó ọmọ rẹ ńkọ́, ṣé a ti gbóhùn ìyá, a ti gbóhùn ọmọ? Ṣé ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní Òṣogbo? Ara tèmi le, mo dúpẹ́. Wàá máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí mi ò tẹ̀ ọ́ láago. Bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ, ẹkún ni n ó máa sun, káàdì á kàn jó tán lásán.

O rántí pé mo sọ fún ọ nígbà Àjíǹde pé ọkọ mi ti di ẹni tó ń sùn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Oyèníran tá a jọ jókòó ní kíláàsì, tó máa ń jí ẹ̀pà rẹ jẹ, òun náà ló di wòlíì Aládùúrà! Àtìgbà tí Tolú àbíkẹ́yìn wa ti bá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí Kánádà ló ti kó ẹní àti ìrọ̀rí lọ sí ilẹ̀ àánú tí wọ́n ti ń gbàdúrà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ó kọ́kọ́ ní ààwẹ̀ ọjọ́ méje ni. Ọjọ́ méje di mọ́kànlélógún, mọ́kànlélógún di oṣù mọ́kànlá. Á wá sílé láàárọ̀, á wẹ̀, á jẹun, á ní, “Ìyá Tolú, o ṣeun,” ó di ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí obìnrin kankan ńbẹ̀ o, má rò ó síbẹ̀. Ì bá jẹ́ obìnrin ni, mo mọ bí wọ́n ṣe ń bá obìnrin jà. Ọlọ́run ni, ta ló fẹ́ bá Ọlọ́run du ọkọ?

Tolú gbọ́ sí i, ló bá ní ọdún yìí ló pé ọgbọ̀n ọdún tá a ṣègbéyàwó, òun ti gba yàrá òtẹ́ẹ̀lì fún wa ní Lẹ́kkí, kí á lọ fi ọjọ́ mẹ́ta wo Èkó. Ọdún kejìdínlọ́gbọ̀n rèé tá a ti ń gbé Alímọ̀ṣọ́. Láti Ìṣẹ̀rí dé Ìkòtún, láti Ìkòtún dé Command, ibẹ̀ náà ni Èkó tèmi mọ. Inú mi dùn débi pé mo lọ dirun. Mo pinnu pé kí ọjọ́ mẹ́ta náà tó pé, n ó bẹ Oyèníran kó padà wá máa sùn nílé. Èmi ni mo di báàgì wa. Mo kó bùbá àti ṣòkòtò tuntun sí i, mo yọ sùtánà funfun rẹ̀, mo fi pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọkọ ni mo fẹ́ bá lọ jàre, kì í ṣe wòlíì.

Ọjọ́ kìíní dára ṣá. A lọ sí igbó kan tí wọ́n so afárá mọ́ orí igi, tó ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Oyèníran di ọwọ́ mi mú gbágbáágbá, ó ń ka Sáàmù kẹtàlélógún, ọ̀bọ kan sì jókòó, ó ń wò wá ní ìran. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ó ti tó ọdún mélòó tí ọkùnrin yẹn ti di ọwọ́ mi mú gbẹ̀yìn?

Lọ́jọ́ kejì, a lọ sí etí òkun. Mo ra gúgúrú àti ẹ̀pà, mo tẹ́ aṣọ sílẹ̀, mo ń wá bí n ó ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ni agogo bá dún. Àwọn aláṣọ funfun bíi mẹ́wàá láti ìjọ mìíràn ló ń jó bọ̀, wọ́n wá gbàdúrà létí omi. Kí n tó ṣẹ́jú, ọkọ mi ti ń bá wọn gbe orin. Ìyá kan yọ sùtánà látinú àpò rẹ̀, wọ́n bá fi wọ̀ ọ́. O sì mọ̀ pé a kì í wọ bàtà sí sùtánà. Oyèníran bọ́ bàtà rẹ̀, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n bá òun dì í mú, òun ń bọ̀ báyìí. Wákàtí mẹ́ta gbáko ni mo fi di bàtà mú! Tọkọtaya ń kọjá, wọ́n ń ya fọ́tò. Ẹnì kan tó ń fi ẹṣin gbé èèyàn kiri bi mí pé, “Mọ́mì, ẹ̀yin nìkan lẹ wá ni?” Mo na bàtà sí i, mo ní rárá o, àwa méjì la wá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, níbi tá a ti ń jẹun, mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo ní, “Oyèníran, ìgbà wo lo máa padà wá sùn nílé?” Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó ní kì í ṣe ẹ̀mí ló ní kóun máa sùn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní látìgbà tí Tolú ti lọ, bóun bá wọlé tóun ò gbọ́ ariwo ọmọ kankan, àyà òun máa ń já. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó kéré tán, èèyàn ń hanrun. Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì bí mi. Mo ní, “Ilé tí ìwọ ọkùnrin ò lè gbé, òun lo wá dá èmi nìkan fi sí?” Omi kàn ń bọ́ lójú rẹ̀ sínú tíì.

Sátidé la padà dé. Ó sùn sílé lọ́jọ́ náà, ó sùn sílé lọ́jọ́ Àìkú. Mò ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀ láti kíṣìnnì, inú mi ń dùn. Lọ́jọ́ Ajé, ó ní òun fẹ́ lọ kí wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun ò ní pẹ́. Òní ni Ọjọ́bọ̀. Ó ń wá jẹun láàárọ̀, kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ náà nínú àwa méjèèjì. Ṣọ́ọ̀ṣì ò ju ojúlé mẹ́fà lọ sílé wa. Bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, mò ń gbọ́ agogo tó ń lù.

Nígbà tí ọkọ tìrẹ kú, Àtọ́kẹ́, gbogbo àdúgbò ló dé. Wọ́n ní o kú ara fẹ́ra kù, wọ́n ní o kú àṣẹ̀yìndè, wọ́n bá ọ jókòó, wọ́n bá ọ sùn. Àwa Yorùbá ń kí ẹni tó jókòó, à ń kí ẹni tó dúró, òjò lásán rọ̀, àá kíra wa. Mo ti wá ìkíni tèmi títí, mi ò rí i. Báwo ni wọ́n ṣe ń kí obìnrin tí ọkọ rẹ̀ wà láàyè, tí kò bá a jà, tí kò fẹ́ ìyàwó lé e, àmọ́ tí kò sí nílé?

Bá mi kí Fàdìlàt, bá mi gbá ọmọ tuntun mọ́ra bó bá ti dé. Kí gbogbo ará ilé. Bó o bá fẹ́ fèsì, má fún mi nímọ̀ràn o, wọ́n ti fún mi nímọ̀ràn tó. Ìkíni yẹn ni kó o bá mi wá.

                                        Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí kò yí padà,
                                        Adébùnmí.