Páìpù Ni, Kì í Ṣe Odò

Mọ́mì mi,

Ṣé ara yín le? Ara tèmi le koko. Ẹsẹ̀ tí ẹ ń béèrè yẹn, ó kàn ń yún mi díẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn ibí ti sú mi o! Ẹ rántí iṣẹ́ mi: mo ń wọ inú odò lọ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ọ̀gá mi á wá fi ẹ̀rọ gbé e jáde nínú yàrá kan tó ṣókùnkùn, káwọn èèyàn lè dùbúlẹ̀ síbẹ̀, kí wọ́n dijú, kí wọ́n sì fara balẹ̀ gbọ́ odò. Odò wo? Omi tó dúdú bí èédú! Ohun kan ṣoṣo tó ń dún níbẹ̀ ni páìpù ilé iṣẹ́ tó ń pa aṣọ láró, tó ń da ìdọ̀tí sínú rẹ̀.

Lánàá, obìnrin kan dìde tomijétomijé, ó ní omi tó ń já látorí àpáta yìí mà tu òun lára o. Mo ní, "Mà, páìpù ni." Ọ̀gá fà mí sẹ́yìn: "Ṣé o fẹ́ ba iṣẹ́ jẹ́ ni?" Bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ohùn náà lórí fóònù lọ́jọ́sí, kíá lẹ ti ní, "Kí ni wọ́n ń dà nù yẹn?"

Wọ́n ní kí n túbọ̀ sún mọ́ páìpù náà lọ́la. Wọ́n ti ra bàtà rọ́bà fún mi. Ẹsẹ̀ òsì nìkan ni kò wọlé. Bàtà ọ̀hún ló kéré.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Ẹ fi fóònù gba ohùn odò ẹ̀yìn ilé wa fún mi. Ẹ má sọ̀rọ̀ sí i o, ẹ jẹ́ káwọn kọ̀ǹkọ̀ ké. Tí wọ́n bá ṣì wà.

Àbíkẹ́yìn yín, tí ara rẹ̀ le.