Sùtánà Tí A Fi Wo Fíìmù

Mummy mi, ẹ kú ilé o. Mo wà dáadáa. Ọjọ́ Sunday niṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó máa ń pọ̀ jù, ìyẹn ló jẹ́ kí sùtánà tí ẹ rán fún mi ṣì funfun báláú.

Ẹ má bínú, a ti fi wo fíìmù. Èmi àti Levi ọ̀rẹ́ mi ya fíìmù nípa òmìnira, la bá kọ́ sùtánà náà sára ògiri yàrá mi ní Thamesmead nílùú òyìnbó níbí, a tan fíìmù sí i lára. Bí àwọn ọ̀rẹ́ wa ọmọ Aládùúrà ṣe wọlé tí wọ́n rí i, gbogbo wọn bọ́ bàtà! Ta ló pàṣẹ? Ṣé òmìnira nìyẹn? Kí ló wá dé tínú mi dùn tó bẹ́ẹ̀?

Ẹ bá mi kí Daddy. Fíìmù ti parí, ilẹ̀ tutù bíi yìnyín, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó tíì wọ bàtà.