Ẹní Ìkírun Lórí Ọgbà Ṣọ́ọ̀ṣì

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú àdúrà tí ẹ ń ṣe lórí mi. Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dun Ìyá ti fúyẹ́? Ẹ bá mi kí Ṣìkírá àbúrò mi.

Mo wà ní Ṣàngó-Ọ̀tà níbí, ara le, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀. Iṣẹ́ ń lọ níléeṣẹ́ tí a ti ń ṣe ike. Òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, ẹrẹ̀ Ìyànà Ìyesí ti gba bàtà mi kan.

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tuntun kan ni àwa òṣìṣẹ́ ti ń kírun. Lọ́jọ́ àsáláátù, Alfa wa sọ̀rọ̀ lórí ọmọ Ánábì Ádámà tó kọ̀ láti gbọ́wọ́ sókè sí ẹ̀gbọ́n tó fẹ́ pa á. Ó ní ìgbàgbọ́ nìyẹn, kì í ṣe ojo. Mo dìde, mo jà á níyàn. Mo ní ẹ̀sìn wa yọ̀ǹda kí ẹni tí wọ́n bá ṣàbòsí sí gbèjà ara rẹ̀. Mo ní níbi tí ṣọ́ọ̀ṣì àti yunifásítì ti ń hù lójoojúmọ́ yìí, ẹni tó bá ń ṣe sùúrù, wọn á kọ́lé lé e lórí. Àwọn ọ̀dọ́ àsáláátù tí mo jẹ́ olórí wọn hó yèè, orí mi wú. Alfa kàn bi mí pé ta ló jẹ́rìí sí àbòsí náà ná.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, a dé fún ìrun Ásárì, kò sí ẹní kan nílẹ̀ níbi tí a tẹ́ wọn sí. Orí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti rí wọn. Bàbá, mi ò bèèrè. Mo gbá Bàbá Dáníẹ́lì tó ń ṣọ́ géètì wọn létí, ẹni tó tó yín lọ́jọ́ orí. Àwọn ọ̀dọ́ ti ń ká apá aṣọ lẹ́yìn mi. Bàbá náà fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó ní, "Ọmọ mi, òjò ti pa wọ́n kí n tó rí wọn. Mo sá wọn kó lè gbẹ kẹ́ ẹ tó dé ni."

Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì.

Àríyànjiyàn ò tán látọjọ́ náà. Àwọn kan ní níyà mi, èrò ọkàn mi, dára, ẹ̀sìn ni mo ń gbèjà. Alfa ní níyà ò lè gba ìgbájú padà, kí n tọrọ àforíjì lójú gbogbo àsáláátù. Àwọn ọ̀dọ́ tó fi mí ṣe olórí ní tí mo bá ṣe é, àwọn á yan ẹlòmíràn. Mi ò ní purọ́ fún yín, ipò náà wù mí.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní kéwú. Kí ẹ tó nà mí, ẹ máa ń kọ́kọ́ bi mí ohun tó ṣẹlẹ̀. Èmi ò bi bàbá yẹn ní nǹkan kan.

Ìdí nìyí tí mo fi ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn, kí gbogbo ará àsáláátù àti ará ṣọ́ọ̀ṣì kà á. Bàbá Dáníẹ́lì, ẹ foríjì mí. Lọ́jọ́ àsáláátù tó ń bọ̀, màá tún fi ẹnu ara mi sọ ọ́, kí wọ́n yan ẹni tó bá wù wọ́n. Lánàá, òjò ṣú. Kí a tó jáde níṣẹ́, bàbá náà ti tún kó ẹní wa wọlé.

Kí Ọlọ́run Ọba dá ẹ̀mí yín sí, kí ẹ jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, tàgbà tèwe. Ẹ má ṣe bínú sí mi ju bí mo ti ń bínú sí ara mi lọ.

Èmi ni ọmọ yín tí ọwọ́ rẹ̀ yá ju ẹnu lọ,
Kàmọ́rù.