Ẹni tí ó kúnlẹ̀ ní Fájuyì: Ìtàn Ìgbésí Ayé Ìyáàfin Monínúọlá Àyọ̀kẹ́ Adéyẹyè (1919–1979)

Ìgèdè-Èkìtì ni a gbé bí Ìyáàfin Monínúọlá Àyọ̀kẹ́ Adéyẹyè ní oṣù kẹjọ ọdún 1919. Bàbá rẹ̀ ni Olóògbé Ọmọ́níyì, àgbẹ̀ oníṣu tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá níwájú ilé rẹ̀ láìkí i. Ìyá rẹ̀ ni Olóògbé Mojísọ́lá, tí ń hun aṣọ. Òun ni àbíkẹ́yìn wọn. Wọ́n kọ́ ọ pé ọmọ tí ó bá kọjá lára àgbà láìkúnlẹ̀, ẹ̀kọ́ ilé ni kò gbà. Ẹ̀kọ́ náà wọ̀ ọ́ lára ju bí àwọn fúnra wọn ti rò lọ.

Ó wọ ilé ẹ̀kọ́ ní 1928, ó parí ìwé mẹ́fà, ó sì kọ́ iṣẹ́ tíṣà. Ní 1943 ó fẹ́ Olóògbé Ajíbádé Adéyẹyè, tíṣà bíi tirẹ̀, Ọlọ́run sì fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ. Láti 1948 dé 1953, ó kọ́ àwọn ọmọ ní Ìgbẹ́mọ-Èkìtì. Níbẹ̀ ni etí rẹ̀ ti mọ ohùn ará ìlú náà, nítorí bí gbogbo wa tilẹ̀ jẹ́ Èkìtì, ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní bí ahọ́n tirẹ̀ ṣe ń yí. Láti 1954 ni ó ti ń gbé ní Adó-Èkìtì.

Nínú ìjọ, kò fi Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyá ṣeré. Ẹ má jẹ́ kí a purọ́ mọ́ òkú: Màmá kì í ṣe onísùúrù. Ó ń bínú sí ọmọléèwé tí ó bá pẹ́ dé, ó sì ń bínú sí ìwàásù tí ó bá gùn jù.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1976, ọkùnrin kan fara hàn ní Fájuyì, ní Adó, lẹ́bàá ìsọ̀ àwọn tí ń lẹ táyà. Irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, àpò kòkó tí ó ti gbó ni ó fi ń bora, ibẹ̀ ló ń sùn, ibẹ̀ ló ń jí. Àwọn aláàánú ń gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, wọn a sì kọjá láìwo ojú rẹ̀. Màmá náà kọjá bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé kan, bí ó ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ó dúró, ó kúnlẹ̀ nínú eruku, ó ní, “Ẹ káàárọ̀ o, bàbá. Ṣé ẹ jí dáadáa?”

Ọkùnrin náà kò dáhùn. Lọ́jọ́ kejì Màmá tún kúnlẹ̀. Nígbà ọyẹ́ ó kí i kú ọyẹ́, nígbà Kérésì ó kí i kú ọdún, nígbà tí òjò dé ó kí i kú òjò. Àwọn awakọ̀ ń fi í rẹ́rìn-ín. Olúmidé àkọ́bí rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba, wá bẹ̀ ẹ́ pé, “Màmá, wọ́n ń bi mí ní ọ́fíìsì bóyá ara yín yá. Bí ẹ bá fẹ́ fún un lóúnjẹ, ẹ rán ènìyàn sí i.”

Màmá ní, “Ta ló sọ fún ọ pé oúnjẹ ni kò rí? Ènìyàn ni kò rí. N ó máa kí i títí yóò fi dá mi lóhùn.”

Ojú ti àwọn ọmọ tí ń kọ ìtàn yìí nígbà náà, wọn kò ní fi pamọ́. Lónìí, ìtìjú náà gan-an ló ń tì wọ́n lójú.

Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1977, orúnkún ń dun Màmá, ẹrẹ̀ sì wà nílẹ̀. Bí ó ti ń fọwọ́ ti ilẹ̀ kí ó lè kúnlẹ̀, ọkùnrin náà di ìgúnpá rẹ̀ mú.

“Ẹ dìde, mà. Mo kéré sí yín. Ọdún eéṣú ni wọ́n bí mi ní ulé wa.”

Ní ọdún eéṣú, Màmá ti tó ọmọ tí ń lé eéṣú ní oko bàbá rẹ̀. Irùngbọ̀n ló tàn án jẹ. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, “O wá jẹ́ kí n máa kúnlẹ̀ fún àbúrò mi láti èṣín?” Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀. Adébíyìí ni orúkọ rẹ̀.

Ohùn ará Ìgbẹ́mọ ni ohùn náà. Ní Sátidé, Màmá wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀, ó sì bá ìyá Adébíyìí láàyè. Ìyàwó Adébíyìí ló kú ní 1972. Láti ìgbà náà ni kò ti sọ̀rọ̀ mọ́, ó jáde nílé, wọ́n sì gbà pé ó ti kú. Ìyá arúgbó náà kò kọ́kọ́ gba Màmá gbọ́. Ó bi í pé, “Kí ló wí fún yín?”

“Ó ní kí n má kúnlẹ̀, òun kéré sí mi.”

Ìyá náà bú sẹ́kún. “Ọmọ mi nìyẹn. Èmi ni mo kọ́ ọ.”

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni Adébíyìí padà sílé. Ó padà sídìí oko ìrẹsì rẹ̀, ìkórè 1978 sì dára. Ní Fájuyì, àwọn awakọ̀ tí ń rẹ́rìn-ín ló wá ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń sùn lábẹ́ ìsọ̀ bóyá wọ́n jí dáadáa. Inú Màmá dùn sí èyí ju oyè èyíkéyìí lọ. Ó sùn nínú Olúwa ní oṣù kẹta ọdún 1979, ní ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta.

Nígbà tí ẹbí ń kọ orúkọ àwọn tí ó fi sáyé lọ, ẹnì kan ní kò tọ́ kí orúkọ Adébíyìí wà níbẹ̀, nítorí àbíkẹ́yìn kì í ní àbúrò. Bàbá Adébáyọ̀ Ọmọ́níyì, ẹ̀gbọ́n olóògbé, ní, “Ẹ kọ ọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló pè é bẹ́ẹ̀.”

Olóògbé fi ẹ̀gbọ́n kan sílẹ̀, Bàbá Adébáyọ̀, ọmọ mẹ́ta, Olúmidé, Mosúnmọ́lá àti Rẹ̀mílẹ́kún, ọmọ-ọmọ mẹ́jọ, àti àbúrò kan, Ọ̀gbẹ́ni Adébíyìí, ará Ìgbẹ́mọ-Èkìtì.

Sùn re o, Àyọ̀kẹ́ ọmọ Ọmọ́níyì. Ìgèdè ń kí ọ, Adó ń kí ọ, Ìgbẹ́mọ dọ̀bálẹ̀.