Ìyá Wa Ti Di Alhaja

Ẹ̀gbọ́n mi Ìdrís,

Àsàlámù àlékùm. Ṣé Kùmásì ń gbè yín? Mo kí Ìyá Hikmat àtàwọn ọmọ. Ẹsẹ̀ Bàbá ṣì ń wú, ṣùgbọ́n wọ́n ń rìn dé mọ́ṣáláṣí. Iṣu wa ní Òjòkú ta dáadáa.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ Tuesday, mo ń ránṣọ, rédíò ń gbé ìjókòó àwọn aṣòfin láti Ìlọrin. Wọ́n ń jiyàn lórí òfin tí yóò jẹ́ kí ará ìlú máa dá sí ètò ilé ìwòsàn. Ọ̀kan nínú wọn ní òfin kankan ò pọn dandan, ará ìlú ti ń dá sí i tipẹ́. Ló bá ka orúkọ àwọn tó ṣèpàdé lóṣù tó kọjá ní ilé ìwòsàn àdúgbò wa, tí wọ́n ní gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa. Ẹni kẹta tó pè ni Alhaja Asiata Amọ́lẹ́gbẹ́.

Ìyá wa tá a sin lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, tí kò dé Mẹ́kà rí. Orí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn yẹn gan-an ni wọ́n ti ń retí nọ́ọ̀sì títí ẹ̀mí fi bọ́.

Bàbá ní kí n pa rédíò. Wọ́n ní, “Bàrákàt, Asiata lè dé ìpàdé kó má yà sílé?”

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè fi ìwé ẹ̀rí ikú Ìyá tó wà lọ́wọ́ yín ránṣẹ́. Mo fẹ́ mú un lọ sí Ìlọrin fúnra mi.

Ọlọ́run á ṣọ́ yín. Kó fọ̀run kẹ́ Ìyá wa, kí àwọn aláàyè sì jẹ́ kí wọ́n sinmi ìpàdé.

Àbúrò yín,
Bàrákàt