Àwọn Ará Ojú Ọ̀run Inú Kásẹ́ẹ̀tì Tí O Fi Ránṣẹ́

Àkọ́bí mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le? Ìyá rẹ kí ọ, ẹ̀rọ ìránṣọ mi náà kí ọ, torí òun ló rán ọ lọ sílé ìwé. Bí o ṣe ń ka lẹ́tà yìí, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ gbàgbé ọ̀nà ilé. Ṣe àmín sókè, kí àwọn tí ẹ jọ wà ní ọ́fíìsì gbọ́.

Àpótí tí o fi rán awakọ̀ sí wa ti dé, a bá ẹ̀rọ fídíò àtijọ́ àti kásẹ́ẹ̀tì kan nínú rẹ̀. O ní kí a máa fi fídíò àtijọ́ náà dá ara wa lára yá, pé iṣẹ́ kò jẹ́ kí o ráyè wá, bí o ti wí lọ́dún tó kọjá, tí o sì wí lọ́dún tó ṣáájú rẹ̀. O ṣé. Ṣùgbọ́n ọmọ mi, ṣé irú ìròyìn burúkú báyìí ni èèyàn fi ń dá bàbá rẹ̀ lára yá?

A ki kásẹ́ẹ̀tì náà bọ inú ẹ̀rọ, a ò tíì jókòó tán tí ohun kan bí ọmọrí ìkòkò já bọ́ láti ojú ọ̀run sẹ́yìn ìlú ńlá kan. Àwọn ẹ̀dá gàgàrà jáde níbẹ̀, olójú kan ṣoṣo. Mo wò wọ́n fínnífínní, mo rí ojú rírán lábẹ́ apá wọn, ìránkúrán gbáà! Ẹni tó lè fò láti ojú ọ̀run wá, kò rí télọ̀ gidi? Ẹni tí wọ́n bá fọwọ́ kàn, wọn á gbé àwọ̀ rẹ̀ wọ̀, wọn á wọlé tọ ìyàwó rẹ̀ lọ, ìyẹn ò ní mọ̀.

Káfíńtà ìtòsí wa tó wá bá wa wò ó ló figbe ta pé ìlú tí o wà nìyẹn, òun rí àwọn ilé gíga inú fọ́tò rẹ. Ìyá rẹ bú sẹ́kún. Mo sáré lọ sídìí ẹ̀rọ fídíò náà, mo ń tẹ ohun tọ́wọ́ mi bá bà. Háà! Ni àwọn ẹ̀dá náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀yìn rìn! Wọ́n fẹ̀yìn wọnú ọmọrí ìkòkò wọn, ó gbéra, ó di ojú ọ̀run. Ilé tó ti wó dìde, òkú dìde. Káfíńtà ṣí fìlà fún mi, ọkùnrin tí kò kí mi mọ́ láti ìgbà tí mo ti ba ṣòkòtò rẹ̀ jẹ́.

Láti ìgbà náà, kí n tó bọ́jú láràárọ̀, mo máa ń lé wọn padà. Gbogbo ìlú yín kàn ń jẹun kiri ni, kò sẹ́ni tó dúpẹ́. Ìyá rẹ ní kí ló dé tí mi ò fi wọ́n sílẹ̀ lójú ọ̀run lọ́hùn-ún. Mo ní báwo ni màá ṣe mọ̀ pé wọn ò tíì sọ̀ kalẹ̀, tí mi ò bá tàn án wò?

Lọ́jọ́ kan, iná lọ nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì kan. Mo pè ọ́. Obìnrin kan ló gbé e, ó ní kí n tún pè nígbà míì. Mo bẹ̀ ẹ́ kó sá, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń tún sọ. Wọ́n ti fọwọ́ kan ìyẹn.

Mo wá gbé fọ́tò rẹ tuntun síta sínú oòrùn. Láti ìgbà tí o ti jábọ́ lórí igi ni èjìká òsì rẹ ti rẹlẹ̀ díẹ̀, èmi tí mò ń ránṣọ fún ọ ló mọ̀. Nínú fọ́tò yìí, méjèèjì dọ́gba! Ìyá rẹ ní fóòmù inú kóòtù ni. Ó lè jẹ́ fóòmù. Ṣé fóòmù ni kì í jẹ́ kí o gbé fóònù? Ìgbà tí o wá kẹ́yìn, tí ìyá rẹ ń sọ̀rọ̀, tí o tẹjú mọ́ iná inú àtẹ́lẹwọ́ rẹ, tí ò ń ní ẹ̀n, ẹ̀n, ṣé fóòmù nìyẹn? Ó dùn mí.

Òrùlé ṣọ́ọ̀bù mi ń jò, mo nílò owó páànù. Má fi ránṣẹ́ sí báńkì. Owó rẹ ń wọlé déédéé, mi ò jiyàn, ṣùgbọ́n ará ojú ọ̀run náà lè fowó ránṣẹ́. Fọwọ́ ara rẹ mú un wá. Ọ̀nà á là fún ọ, o ò ní pàdé wọn, èmi náà ò ní yéé lé wọn.

Mo ti fi téèpù tí mo fi ń wọn aṣọ kọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Bí o bá dé, má tíì wọlé, jẹ́ kí n kọ́kọ́ wọn èjìká rẹ. Bí òsì bá rẹlẹ̀, ọmọ mi ni ọ́, máa wọlé. Bí méjèèjì bá dọ́gba, ìyá rẹ ní kí n ṣáà jẹ́ kó wọlé náà, pé ẹni tó bá ti lè wá wò wá, ọmọ òun ni.

Èmi ni,
Bàbá rẹ, télọ̀.