Mo Gbọ́ Igbe Rẹ̀ Nínú Igbó, Mo sì Jókòó

Mo gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí ọdún mẹ́ta rèé tí mo ti ń sọ fún gbogbo èèyàn pé mi ò mọ̀. Mo gbọ́ ọ, mo mọ̀ pé ìrànlọ́wọ́ ló ń wá, mi ò sì dìde. Ọkùnrin náà ti wá sọ báyìí pé òun fẹ́ fi mí ṣe aya. Tí Àjíǹde bá dé, ó máa wọ ọkọ̀ ojú irin láti Padova wá sí Torino, ó máa wá gba èsì lẹ́nu mi. Ẹ̀yin òǹkàwé ìwé ìròyìn yìí, ẹ bá mi dá sí i kó tó dé. Mi ò sunkún bí mo ṣe ń kọ ọ́. Mi ò tíì sunkún rí lórí ọ̀rọ̀ náà, bóyá ó yẹ kí ìyẹn bà mí lẹ́rù... kò bà mí lẹ́rù. Kò sí nǹkan kan tó ń ṣe mí.

Iṣẹ́ akọ̀ròyìn ni mo ṣe ní Ìbàdàn kí n tó wá sí Italy. Níbí, màmá arúgbó kan ni mò ń tọ́jú, mò ń wẹ̀ fún wọn, mò ń se oúnjẹ fún wọn, mò ń bá wọn wo tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, mi ò ní permesso di soggiorno. Ẹni tí kò ní ìwé ìgbélùú rí ló lè mọ ohun tí mò ń sọ, ẹni tó bá rí ọlọ́pàá lọ́ọ̀ọ́kán tí á kọ́kọ́ wá ibi tó máa yà gbà. Ìjọ wa kéré, inú magazzino kan tí wọ́n ń kó táyà sí tẹ́lẹ̀ la ti ń jọ́sìn, ẹ sì mọ bí àwa ṣe máa ń gbàdúrà. Àwọn tó ń gbé lókè máa ń da omi lé wa lórí láti ojú fèrèsé, wọ́n á tún pe ọlọ́pàá. Pásítọ̀ wa bá ní ó tó gẹ́ẹ́. Wọ́n ní nílé, tí ọ̀rọ̀ bá ti le, orí òkè là ń lọ, ṣé Italy ò ní òkè ni? Bẹ́ẹ̀ la ṣe pinnu pé ní Ferragosto, ìsinmi àárín oṣù kẹjọ, nígbà tí gbogbo ilé iṣẹ́ bá tì, a máa lọ gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta nínú igbó ìjọba kan lókè ìlú Susa.

Kì í ṣe campeggio, ibi tí wọ́n ṣètò fún àwọn tó ń pàgọ́, o. Kò sí omi ẹ̀rọ, kò sí iná, kò sí ilé ìgbẹ́, kò sí ibi tí wọ́n sàmì sí pé ẹ sùn síbí. A wọ ọkọ̀ ojú irin, a wọ corriera, bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí àwọn abúlé, a wá fẹsẹ̀ rìn fún wákàtí méjì, àwa mọ́kànlá, pẹ̀lú báàgì Ghana-must-go lórí. Níbi tí ọ̀nà mọ́tò parí sí, ẹ̀ṣọ́ igbó kan dá wa dúró. Ó wo báàgì, ó wo bàtà onígìgísẹ̀ gíga tí Màmá Bísí, àgbà obìnrin ìjọ wa, wọ̀, ó béèrè pé ṣé a mọ ibi tí à ń lọ. Èmi ni mo gbọ́ Italian jù, èmi ni mò ń túmọ̀. Pásítọ̀ ní kí n sọ fún un pé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run là ń lọ. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú, ṣùgbọ́n Ọlọ́run pàápàá kì í pàgọ́ sójú odò tó gbẹ. Ó wá ka òfin fún wa. Ká má na àgọ́ títí ilẹ̀ á fi máa ṣú, ká sì ká a nílẹ̀ láàárọ̀. Ká túká, kí koríko má kú lójú kan. Ká má dáná. Ká gbẹ́ ilẹ̀ tí a bá fẹ́ yàgbẹ́, jìnnà sí omi, ká sì bò ó. Ká kó ìdọ̀tí wa padà sílé. Ká ṣọ́ra fún òkúta lójú odò, torí ó máa ń yí wá látòkè láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ó tún ní kí kálukú mọ ibi tí ẹnì kejì wà, ká máa pe ara wa lóhùn láràárọ̀ àti lálaalẹ́.

Pásítọ̀ gba gbogbo rẹ̀ àfi ti ìkẹyìn. Wọ́n ní àwa ò wá síbí wá bá ara wa sọ̀rọ̀. Àárín ẹnì kan sí ẹnì kejì gbọ́dọ̀ tó igba ìṣísẹ̀, kí igi bo ojú ẹ mọ́ èkejì ẹ. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ nìkan la máa péjọ láti mu omi, ká sì jẹ búrẹ́dì, láìsọ̀rọ̀. Ẹni tó bá la ẹnu bá èèyàn sọ̀rọ̀ kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, ààwẹ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́, ohun tó wá béèrè ti bọ́ nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn. Permesso ni mo wá béèrè.

Ọkùnrin tí mò ń sọ, ẹ jẹ́ ká pè é ní Fẹ́mi, kì í ṣe orúkọ rẹ̀ gan-an. Wẹ́dà ni nígbà náà, èèyàn jẹ́jẹ́, gbogbo ìjọ ló mọ̀ pé ó ń wò mí, èmi ò sì wò ó padà. Ìsàlẹ̀ mi gan-an ló pàgọ́ sí, ó so ọ̀rá aláwọ̀ búlúù mọ́ igi méjì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kìíní, ó gbé ike omi kan wá síwájú àgọ́ mi, kò sọ nǹkan kan, ó kàn wúkọ́, ó sì lọ. Inú bí mi. Mo ní ọ̀gbẹ́ni yìí fẹ́ kí n dúpẹ́ kí ààwẹ̀ mi lè bàjẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí aago mẹ́sàn-án, gbogbo igbó ń gbóná. Ohùn ń ti ibí wá, ohùn ń ti ọ̀hún wá, o ò rí ẹnikẹ́ni, o kàn ń gbọ́ Olúwa gbà mí, Olúwa má jẹ̀ẹ́ kí n kú sílẹ̀ yìí, Bàbá dá mi lóhùn. Mo gbọ́ ti Fẹ́mi náà látìsàlẹ̀, ó ń pariwo gbà mí, gbà mí. Mo ṣe Àmín. Ohun tí ẹnikẹ́ni máa ṣe nìyẹn, mi ò dá ara mi lẹ́bi lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn bí ogún ìṣẹ́jú, ó pe orúkọ mi. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní, “Sister, ẹ wá o, ẹsẹ̀ mi wà lábẹ́ òkúta, ẹ jọ̀ọ́.” Gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ ọ́ ni mo kọ ọ́ síbí. Ta ló ń gbàdúrà báyẹn? Kò sí. Mo jókòó lórí aṣọ mi. Mo ń ronú pé tí mo bá dáhùn, mo ti sọ̀rọ̀ nìyẹn. Mo ní Pásítọ̀ ò jìnnà, wọ́n á gbọ́. Mo ní bóyá ó kàn fẹsẹ̀ rọ́ ni, bóyá ó kàn fẹ́ kí n wá. Mo ń wo àwọn èèrà tó ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ mi kọjá. Ó tún pè mí. Lẹ́yìn náà ó ń pe ìyá rẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, kò pe ẹnikẹ́ni mọ́, mo sì sùn... bẹ́ẹ̀ ni, mo sùn, oorun gidi.

Aago mẹ́fà, a péjọ. Màmá Bísí fi ìka ka wa, wọ́n tún un kà. Àwọn ló kọ́kọ́ la ẹnu. Wọ́n ní, “Ọmọ yìí dà?” Pásítọ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu láti ṣe àmì fún wọn. Màmá Bísí yarí, wọ́n ní, “Pásítọ̀, ẹ gbàgbé ààwẹ̀ jàre, mo ní ọmọ yìí dà?” Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wá a lọ sókè. Èmi nìkan ni mo gba ìsàlẹ̀, tààrà, mi ò yà sọ́tùn-ún, mi ò yà sósì. Ojú odò gbígbẹ náà ló wà. Ibi tó ti fẹ́ bu omi nínú kòtò kékeré kan tó ṣẹ́kù ni òkúta ti yí wá lù ú. Ó ṣì ń mí. Mo kígbe, wọ́n sáré wá, ọkùnrin mẹ́rin ló gbé òkúta náà kúrò, ẹnì kan sáré lọ bá ẹ̀ṣọ́ igbó, hẹlikópítà dé. Màmá Bísí dì mọ́ mi, wọ́n ní Ẹ̀mí ló darí mi síbẹ̀. Gbogbo ìjọ ló ń sọ ọ́ títí dòní.

Ní ọsibítù, èmi náà ni mo tún túmọ̀. Dókítà ní àwọn máa gé ẹsẹ̀ náà lábẹ́ orúnkún, ó ní ká ní wọ́n tètè gbé e wá láàárọ̀ ni, ó ṣeé ṣe kí àwọn rí i gbà là. Fẹ́mi béèrè pé kí ni wọ́n sọ. Mo sọ apá kìíní fún un. Apá kejì ṣì wà lọ́dọ̀ mi.

Pásítọ̀ ní níwọ̀n ìgbà tí mo ti jẹ́ akọ̀ròyìn rí, kí n gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu gbogbo ẹni tó lọ, kí ìjọ lè ní i lọ́wọ́. Mo ṣe iṣẹ́ mi. Brọ́dà Táíwò ní, “Mo gbọ́ ọ, mo ní ọmọkùnrin yìí ń jà fún ìbùkún ẹ̀ lónìí.” Pásítọ̀ ní, “Ariwo náà wú mi lórí, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.” Màmá Bísí ń sunkún, wọ́n ní, “Àmín ni mò ń ṣe sí igbe ọmọ ọlọ́mọ, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, má bá mi tún un ṣe.” Òótọ́ ni gbogbo wọn sọ. Mo wá kọ tèmi sísàlẹ̀ pé: mo gbọ́ ohùn rẹ̀, mo rò pé àdúrà ni. Nínú gbogbo ìwé yẹn, gbólóhùn kan ṣoṣo ni irọ́.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, questura, ọ́fíìsì ọlọ́pàá tó ń rí sí ìwé àwọn àlejò, fún mi ní permesso. Pásítọ̀ ní èso ààwẹ̀ ni. Mo jẹ́rìí níwájú ìjọ, wọ́n pàtẹ́wọ́, Fẹ́mi náà pàtẹ́wọ́, ọ̀pá tó fi ń rìn wà láàárín itan rẹ̀.

Ó ti kó lọ sí Padova báyìí, ó ń jókòó ti tẹlifóònù níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrù ránṣẹ́. Tó bá di òpin ọ̀sẹ̀, wọ́n máa ń pè é sí Verona àti Bologna pé kó wá jẹ́rìí. Ìwé tí mo kọ yẹn ló máa ń kà. Á ní ohùn òun dé etí àwọn èèyàn, ṣùgbọ́n Ọlọ́run di òye wọn, kó lè jẹ́ Òun nìkan ló máa bá òun sọ̀rọ̀ lábẹ́ òkúta yẹn. Mo ti wà níbẹ̀ nígbà tó sọ ọ́. Àwọn èèyàn bú sẹ́kún. Ọ̀mùtí kan ní Bologna jáwọ́ nínú ọtí lọ́jọ́ yẹn, títí di bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí kò tíì padà sídìí ẹ̀. Àlàáfíà tó wà lójú Fẹ́mi, mi ò rí irú rẹ̀ lójú ẹni tó ní ẹsẹ̀ méjì.

Ohun kan wà tí mi ò lè gbé kúrò lọ́kàn. Fẹ́mi ti béèrè lọ́wọ́ Màmá Bísí rí pé kí ni wọ́n gbọ́. Ó ti béèrè lọ́wọ́ Brọ́dà Táíwò, ó béèrè lọ́wọ́ Pásítọ̀. Kò béèrè lọ́wọ́ mi rí. Nígbà tó ń sọ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó lórí tẹlifóònù, ó ní, “Mo tiẹ̀ pe orúkọ ẹ lọ́jọ́ yẹn, ṣó o mọ̀?” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n máà dáhùn, kí n rò ó di Àjíǹde. Èwo ni kí n rò? Ìgbéyàwó ni, àbí ìbéèrè yẹn? Ṣé ó mọ̀ ni? Tó bá mọ̀, kí ló ń fẹ́ mi fún? Tí kò bá mọ̀, báwo ni mo ṣe máa máa bá a bọ́ ẹsẹ̀ àtọwọ́dá yẹn kó tó sùn, lójoojúmọ́, títí ayé?

Ẹ má sọ pé kí n lọ gbàdúrà sí i. Ẹ má sì sọ pé kí n dá ara mi lára yá, mo ti ní kò sí nǹkan kan tó ń ṣe mí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ sọ fún mi ò ju ẹyọ kan lọ. Tí mo bá jẹ́wọ́ fún un, á mọ̀ pé èèyàn lásán ló jókòó sókè orí rẹ̀ tó ń gbọ́, kì í ṣe Ọlọ́run ló di òye ẹnikẹ́ni. Mo ti gba ẹsẹ̀ kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣé kí n tún wá gba ìyókù ni?